Wayanad: Ìdí tí ìbò rẹpẹtẹ kò fi dá ilẹ̀ padà fún àwọn Adivasi

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Priyanka Gandhi Vadra ti ẹgbẹ́ Congress wọlé ìbò sí ilé aṣojú-ṣòfin àpapọ̀ India fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Kì í ṣe Delhi tó dàgbà sí ló ti wọlé, kì í sì í ṣe Uttar Pradesh níhà àríwá, níbi tí ìyá bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ti gba ìbò rí. Wayanad ló gbé e wọlé, ilẹ̀ olókè kan ní ìpínlẹ̀ Kerala ní ìsàlẹ̀ gúúsù India, tí igbó, oko tíì, oko kọfí àti ata dúdú oníhóró kún ibẹ̀ bámúbámú. Ìbò 622,338 ló ní. Sathyan Mokeri ti ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì CPI, tó ṣe ìkejì, ní 211,407. Ìbò tí obìnrin náà fi gbégbá orókè lé ní 410,000.

Ẹni tó bá wo iye yẹn nìkan á ní ọ̀rọ̀ Wayanad ti yanjú, pé àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́, ọwọ́ wọn sì ti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Orí ilẹ̀ yìí kan náà làwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ń gbé, àwọn tí wọ́n ń pè ní Adivasi ní India. Wọ́n ti wà nínú igbó náà kí tíì tó dé, kí kọfí tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpótí ìbò wá. Lónìí, àwọn kan wà nínú wọn tí kò ní ilẹ̀ tó tó sin òkú wọn. Wọ́n ń dìbò, wọ́n ń tò sórí ìlà bí gbogbo aráyé. Síbẹ̀, láti bí ọdún àádọ́ta sẹ́yìn, kò tíì sí ìbò kan tó dá ilẹ̀ náà padà fún wọn. Mi ò gbà pé àìbìkítà lásán ló fà á. Ìṣirò ìbò ló wà nídìí ẹ̀, ó sì yẹ ká tú ìṣirò náà wò fínnífínní.

Àwọn tó ń gbé orí òkè náà

Ọdún 1980 ni wọ́n dá Wayanad sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbègbè tó dá dúró ní Kerala, Kalpetta sì ni olú-ìlú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2011, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ 817,420. Adivasi inú wọn jẹ́ 151,443, ìyẹn nǹkan bíi 18 àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí àgbègbè mìíràn ní Kerala tí ìpín wọn ga tó bẹ́ẹ̀. Tí a bá wo gbogbo ìpínlẹ̀ náà lápapọ̀, wọn ò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ká fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí àwọn ló máa ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan níwájú.

Orúkọ kan ni Adivasi, ẹ̀yà púpọ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀, ipò wọn kò sì rí bákan náà. Àwọn Kurichiya àti Mullu Kuruma ní ilẹ̀ oko tiwọn, wọ́n ń gbin ìrẹsì, àwọn ọmọ wọn sì ti ń kàwé tipẹ́. Kurichiya làwọn tafàtafà tó bá ọba kan tó ń jẹ́ Pazhassi Raja gbógun ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1802, Thalakkal Chanthu ló ṣáájú wọn nígbà tí wọ́n kọlu àgọ́ ọmọ ogun ní Panamaram. Àwọn Kattunayakan ń gbé inú igbó gan-an, oyin àti èso igbó ni wọ́n ń wá. Paniya ló pọ̀ jù lọ, wọ́n sún mọ́ ìdajì gbogbo Adivasi Wayanad. Àwọn Paniya yìí àti àwọn Adiya ni ayé ti fojú wọn rí màbo jù.

Ojúbọ òrìṣà kan wà lẹ́bàá Mananthavady tí wọ́n ń pè ní Valliyoorkavu. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹta, wọ́n máa ń ṣọdún níbẹ̀. Ibi ọdún yẹn làwọn onílẹ̀ ti máa ń kó òṣìṣẹ́ oko láyé àtijọ́. Onílẹ̀ á na owó díẹ̀ sí baálé ilé kan níwájú òrìṣà. Tí onítọ̀hún bá ti gbà á, òun, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ ti di ti onílẹ̀ náà títí ọdún á fi yí po. Kò sí ìwé, kò sì sí ẹlẹ́rìí ju òrìṣà lọ. Ó fara jọ ìwọ̀fà tí àwọn baba wa mọ̀, àmọ́ ìwọ̀fà lè san gbèsè tán kó gba ilé ẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọdún ń gorí ọdún ni ti Paniya, títí tí ọmọ fi ń jogún ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ India tó ṣòfin tó fagi lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ajàjàgbara kan tó ń jẹ́ A. Varghese ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Adiya àti Paniya jọ ní Thirunelli kí wọ́n lè béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ọlọ́pàá pa á nínú igbó ní oṣù Kejì 1970, wọ́n ní ìbọn ló ń yìn sí àwọn ni àwọn fi pa á. Ní 1998, ọlọ́pàá tó yìnbọn náà fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ọ̀gá òun ló pàṣẹ pé kí òun pa á lẹ́yìn tọ́wọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ó di 2010 kí ilé ẹjọ́ tó rán ọ̀gá ọlọ́pàá náà, tó ti fẹ̀yìn tì, lọ sẹ́wọ̀n gbére.

Àwọn yòókù tó ń gbé Wayanad, ẹsẹ̀ ló gbé wọn débẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó oko kọfí àti oko tíì ńláńlá wá, àwọn iléeṣẹ́ wọn kó òṣìṣẹ́ wá láti Tamil Nadu àti etíkun Malabar, wọ́n sì kọ́ ilé onílà gígùn fún wọn láàárín oko, èyí tí wọ́n ń pè ní padi. Láti nǹkan bíi 1940 sókè ni àwọn àgbẹ̀ tún ń rọ́ wá láti Travancore ní gúúsù, Kristẹni ló pọ̀ jù nínú wọn. Ebi ló lé wọn kúrò nílé. Wọ́n ṣán igbó, ibà pa púpọ̀ nínú wọn, ẹkùn àti erin kò jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Kò sí ẹni tó gbọ́ ìtàn wọn tí kò ní yin iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣán kì í ṣe ilẹ̀ aláìlólúwa. Adivasi kò ní ìwé ilẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn rí. Apá kan ilẹ̀ náà, wọ́n rà á ní ọ̀pọ̀. Apá kan, tábà àti ọtí ni wọ́n fi gbà á. Apá kan, ńṣe ni ọgbà ń sún síwájú lọ́dọọdún títí onílẹ̀ fi bá ara ẹ̀ lẹ́yìn ọgbà.

Òfin tí wọ́n ṣe, tí wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́

Ní 1975, ilé aṣòfin Kerala ṣòfin pé ilẹ̀ Adivasi tó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n òfin kì í fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn. Ó nílò ìlànà tí òṣìṣẹ́ ìjọba á máa tẹ̀ lé. Ọdún 1986 ni ìlànà yẹn tó jáde, ọdún mọ́kànlá gbáko lẹ́yìn òfin. Nígbà tó sì jáde tán, inú fáìlì ló wà. Dókítà oníṣègùn kan, Nalla Thampi Thera, ló pe ìjọba lẹ́jọ́ ní 1988. Ní 1993, ilé ẹjọ́ gíga Kerala pàṣẹ pé kí ìjọba dá ilẹ̀ náà padà láàárín oṣù mẹ́fà.

Ibí yìí ni kí òǹkàwé fara balẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹgbẹ́ méjì ló ń pín ìjọba Kerala mọ́ra wọn lọ́wọ́: UDF tí ẹgbẹ́ Congress ń darí, àti LDF tí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì CPI(M) ń darí. Bí ọ̀kan bá ní ojúmọ́ ti mọ́, èkejì á ní ilẹ̀ kò tíì mọ́. Àmọ́ nígbà tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n dá ilẹ̀ padà, ohùn wọn ṣọ̀kan. Kàkà kí wọ́n tẹ̀ lé òfin, wọ́n pinnu láti yí òfin padà. Nígbà tí àbá náà dé iwájú ilé ní 1996, ẹni kan ṣoṣo ló dìbò ta kò ó: K. R. Gouri Amma, obìnrin tó jẹ́ mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nínú ìjọba àkọ́kọ́ tí Kerala yàn ní 1957. Ẹni kan, nínú ilé oníjókòó 140.

Ààrẹ India kò fọwọ́ sí àbá náà. Ìjọba Kerala bá gba ọ̀nà mìíràn: ní 1999 wọ́n ṣe òfin tuntun tí kò nílò ìfọwọ́sí ààrẹ. Òfin yìí ní àtìpó tí ilẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ kò ju hẹ́kítà méjì lọ, kó má ṣe yọnu, tiẹ̀ ti di tiẹ̀. Adivasi tó ni ín tẹ́lẹ̀, ìjọba á wá ilẹ̀ síbòmíràn fún un. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní India fọwọ́ sí òfin náà ní 2009. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti lé ìdílé tó ti gbé ibì kan fún ogójì ọdún. Mi ò sì ní kí wọ́n lé wọn. Ṣùgbọ́n "ìjọba á wá ilẹ̀ síbòmíràn" nìyẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì rí i.

Kí ló mú àwọn tí kì í gbọ́ra wọn yé fohùn ṣọ̀kan? Àwọn àtìpó tó ti di onílé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dìbò lórí òkè yẹn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀, wọ́n ní ìwé ìròyìn, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹgbẹ́ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀ wọn máa pàdánù Wayanad, kò sì ní mọ síbẹ̀, nítorí irú wọn kún gbogbo ẹsẹ̀ òkè Kerala láti àríwá dé gúúsù.

Nígbà tí ìbò kò ran Adivasi lọ́wọ́, wọ́n fẹsẹ̀ wọn dìbò. Ní 2001, C. K. Janu, obìnrin Adiya tó ti ṣiṣẹ́ oko láti kékeré, kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ sí Thiruvananthapuram, olú-ìlú Kerala, wọ́n sì pa àgọ́ síwájú ọ́fíìsì ìjọba fún ọjọ́ 48. Ebi ń pa àwọn Adivasi kú lọ́dún yẹn. A. K. Antony tó jẹ́ olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tọwọ́ bọ̀wé pé ìdílé tí kò nílẹ̀ á gba éékà kan sí márùn-ún. Wọ́n padà sílé, wọ́n dúró dúró. Nígbà tí ọdún yí po tí wọn kò rí nǹkan gidi gbà, Janu àti M. Geethanandan kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé wọ Muthanga ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003. Muthanga wà nínú igbó ọba tí wọ́n ń tọ́jú ẹranko sí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n pàgọ́ sí kì í ṣe igbó kìjikìji; ìjọba ti gé e lulẹ̀ tipẹ́, ó sì fi gbin igi yukalípítọ́sì fún iléeṣẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, ọlọ́pàá yìnbọn lé wọn kúrò níbẹ̀. Adivasi kan kú, ọlọ́pàá kan náà kú. Àwòrán tí àwọn ìwé ìròyìn gbé jáde lẹ́yìn tí ọwọ́ tẹ Janu fi ojú rẹ̀ tó wú hàn, nítorí lílù tí wọ́n lù ú.

Ìjókòó wọn, ìbò ẹlòmíràn

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé òfin India kò ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún irú àwọn èèyàn báyìí ni? Ó yà á. Nínú ìjókòó 140 ilé aṣòfin Kerala, méjì ló wà fún Adivasi, Wayanad sì ni méjèèjì wà: Mananthavady àti Sulthan Bathery. Ìkẹta àgbègbè náà, Kalpetta, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Ohun tí ìyàsọ́tọ̀ yìí túmọ̀ sí ni pé Adivasi nìkan ló lè díje. Kò túmọ̀ sí pé Adivasi nìkan ló máa dìbò. Ní Mananthavady àti Sulthan Bathery, àwọn tí kì í ṣe Adivasi ló pọ̀ jù lórí ìwé olùdìbò. Ẹgbẹ́ ló ń yan olùdíje, àtìpó ló sì ń gbé e wọlé. Olùdíje tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Pulpally tó ní òun máa béèrè ilẹ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn òun, kó yáa máa palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, àwọn tó ń wọlé kì í sọ ọ́. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé ìwé, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọ̀nà, wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé tí ìjọba ń kọ́. Gbogbo ẹ̀ ló dáa, gbogbo ẹ̀ ló ṣe pàtàkì, kò sì sí èyí tó jẹ́ ilẹ̀ nínú wọn.

P. K. Jayalakshmi ti Congress wọlé ní Mananthavady ní 2011, ó sì di mínísítà, obìnrin Adivasi àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn ní Kerala. Ní 2016, O. R. Kelu ti CPI(M) fi ìbò 1,307 péré borí ẹ̀. Ó tún wọlé ní 2021, ó sì di mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Adivasi ní oṣù Kẹfà 2024. Èèyàn iyì ni àwọn méjèèjì. Ọmọ Kurichiya sì ni àwọn méjèèjì, ẹ̀yà tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́. Paniya tó pọ̀ jù kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní 2021, BJP, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ìjọba àpapọ̀ India, kéde ọ̀dọ́mọkùnrin Paniya kan tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò pé òun ló máa díje fún wọn ní Mananthavady. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti gbọ́ orúkọ ara ẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní òun kò ṣe, iṣẹ́ àti ìdílé òun ló jẹ òun lógún. Mo rò pé ìtàn kékeré yìí sọ púpọ̀ nípa ojú tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń wo Paniya: wọn kò tilẹ̀ parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fẹ́ lo orúkọ ẹ̀.

Janu fúnra ẹ̀ gbìyànjú. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiẹ̀ sílẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ agbo BJP, ó sì díje ní Sulthan Bathery ní 2016. Ìbò 27,920 ló ní, ipò kẹta ló wà. Ní 2021 ó tún gbìyànjú, ó sì já wá sí nǹkan bíi 15,000. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ bínú sí i pé ó bá BJP rìn, àmọ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ méjì tó kù, èwo ló ṣílẹ̀kùn fún un nígbà yẹn? Ní 2025 ó kó ẹgbẹ́ ẹ̀ kúrò nínú agbo náà.

Àwọn orúkọ ńlá láti Delhi

Lok Sabha, ilé aṣojú-ṣòfin àpapọ̀ tó wà ní Delhi, ọ̀tọ̀ tún ni tiẹ̀. Ọdún 2009 ni Wayanad kọ́kọ́ dìbò bí ẹkùn kan lọ síbẹ̀. Ẹkùn méje ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan, mẹ́ta péré nínú wọn ló wà lórí òkè Wayanad. Thiruvambady wà ní Kozhikode. Eranad, Nilambur àti Wandoor wà ní Malappuram, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí ẹgbẹ́ Muslim League tó jẹ́ alájọṣe Congress sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Adivasi tó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún tàbí kó dín díẹ̀ lórí òkè wá di ọwọ́ kékeré nínú ẹkùn yìí.

Ìdí nìyẹn tí Congress fi ka ibẹ̀ sí ibi ààbò. Ní 2019, nígbà tí Rahul Gandhi rí i pé ìjókòó ìdílé òun ní Amethi ń mì, ó gba fọ́ọ̀mù Wayanad mọ́ ọn. Amethi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wayanad fi ìbò 431,770 gbé e lékè. Lójijì, gbogbo India ń wo Kalpetta. Amit Shah ti BJP rí àsíá aláwọ̀ ewé ti Muslim League níbi tí wọ́n ti ń tò tẹ̀ lé Rahul, ó ní òun ò mọ̀ bóyá India ni tàbí Pakistan. Nígbà tí Rahul padà wá ní 2024, kò sí àsíá ẹgbẹ́ kankan nínú ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ẹ̀, ti Congress pàápàá kò sí. K. Surendran tí BJP fà kalẹ̀ ní òun máa yí orúkọ Sulthan Bathery padà nítorí pé ti Tipu Sultan, ọba Mùsùlùmí ayé àtijọ́ kan, ni. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi jà lórí àsíá àti orúkọ ìlú, lórí ilẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò ní ìwé ẹ̀.

Rahul tún wọlé, àmọ́ ó mú Rae Bareli, ó sì fi Wayanad sílẹ̀ fún Priyanka, àbúrò ẹ̀ obìnrin. Àwọn olùdìbò ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ní 2019, nǹkan bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde, nígbà tó di ìbò Priyanka, wọ́n ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 65.

Ká sọ òótọ́, aṣojú ní Delhi kò lè pín ilẹ̀ Wayanad. Lábẹ́ òfin India, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ Delhi ni òfin ẹ̀tọ́ igbó ti 2006, tó fún Adivasi ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí wọ́n ń dá oko lé nínú igbó àti sí èso inú ẹ̀. Aṣojú tó ní orúkọ ńlá lè fi ohùn ẹ̀ ti òfin yẹn lẹ́yìn. Ìyẹn ni mo máa fi wọn Priyanka, kì í ṣe iye ìbò.

Ọjọ́ ìbò lójú Paniya

Púpọ̀ nínú Paniya àti Adiya kì í sí nílé lóṣù ìbò. Wọ́n ti kó wọn kọjá ẹnubodè lọ sí Kodagu ní Karnataka, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ oko kọfí àti oko ata ilẹ̀. Bí ìbò bá kù díẹ̀, ọkọ̀ jíìpù ẹgbẹ́ á lọ kó wọn bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 2024, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dìbò, ọlọ́pàá já sí àwọn àpò oúnjẹ tó tó 1,500 tí wọ́n ti ń kó sínú ọkọ̀ ní Sulthan Bathery: ṣúgà, bisikíìtì, ewé tíì. Ewé betel, èso areca àti tábà tí àwọn àgbà ń jẹ wà nínú àwọn kan. UDF àti LDF ní BJP ló fẹ́ pín in fún Adivasi; BJP ní kì í ṣe tàwọn. Nígbà ìbò oṣù Kọkànlá, ó tún kan Congress: wọ́n rí àpò oúnjẹ tó ní àwòrán Rahul àti Priyanka ní Tholpetty, Congress ní àwọn tí òkè ya lù ní oṣù Keje ọdún náà làwọn kó o fún. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni tábà yẹn. Ẹni tó di àpò náà mọ ẹni tó fẹ́ fún dáadáa, ó mọ ohun tí ìyá àgbà ń jẹ lẹ́nu. Kò sì fi ohun tí ìyá àgbà ń béèrè láti 1975 sínú ẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìbò yẹn, ní oṣù Kejìlá, ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Adivasi kú ní Edavaka lẹ́bàá Mananthavady. Ọkọ̀ agbókùú tí ìjọba ní kó máa ṣiṣẹ́ fún wọn kò dé. Àwọn ẹbí fi ẹní wé òkú náà, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ síta, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ń sun òkú. Ẹkùn mínísítà ọ̀rọ̀ Adivasi fúnra ẹ̀ lèyí ti ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ kékeré kan ni wọ́n yọ níṣẹ́.

Nígbà tí òkè ya

Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Keje 2024, òjò tú òkè Vellarimala, ilẹ̀ ya, omi, òkúta àti igi sì gbá Punchirimattam, Mundakkai àti Chooralmala lọ. Ó lé ní 250 èèyàn tó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ oko tíì tó ń gbé inú padi wà lára wọn, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìran bàbá wọn tí wọn kò sì ní ilẹ̀ kankan ju yàrá tí iléeṣẹ́ fi wọ́n sí.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn aṣọ́gbó rí obìnrin Paniya kan nínú igbó Attamala tó ń wá oúnjẹ. Wọ́n tọ ipa ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì bá ọkọ àtàwọn ọmọ ẹ̀ nínú ihò àpáta lókè téńté. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Àwọn ọmọ náà kéré gan-an, okùn ni wọ́n sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta tó ń yọ̀. Àwọn aṣọ́gbó ya aṣọ ibùsùn, wọ́n fi so àwọn ọmọ mọ́ àyà wọn, wọ́n sì gbé wọn sọ̀. Àwòrán yẹn tàn ká gbogbo India. Ìdílé wọ̀nyí ti ń gbé inú igbó náà tipẹ́, àmọ́ òkè gbọ́dọ̀ ya kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn.

Owó ìrànwọ́ ló gba gbogbo ìpolongo ìbò oṣù Kọkànlá. Ìjọba Kerala sọ pé Delhi fojú pa àwọn rẹ́. Ní oṣù Kejì 2025, ohun tí Delhi fún wọn ni 529.50 kúrórè owó rúpì (kúrórè kan jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá), ẹ̀yáwó tí kò ní èlé, tí wọ́n ní kí wọ́n ná kí oṣù Kẹta tó parí. Ibi tí wọ́n máa kó àwọn tó ṣẹ́ kù lọ wá di ẹjọ́. Inú oko tíì ni ilẹ̀ tó tẹ́jú wà, ìjọba sì gbọ́dọ̀ gba apá kan oko Elstone ní Kalpetta kí wọ́n tó fi òkúta ìpìlẹ̀ ìlú tuntun lélẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 2025. Ìjọba kan náà ti ń bá àwọn iléeṣẹ́ oko tíì ṣẹjọ́ tipẹ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé láti ayé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe tiwọn. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé àṣẹ tí ìjọba fẹ́ fi gba ilẹ̀ Harrisons Malayalam, ọ̀kan lára àwọn iléeṣẹ́ náà, ó ní kí wọ́n lọ fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn nílé ẹjọ́ mìíràn. Nítorí náà, tí ìjọba bá ní kò sí ilẹ̀ láti fún Adivasi, kó fi kún un pé ilẹ̀ wà, ẹni tó jókòó lé e ló lágbára.

Ọ̀rọ̀ ẹranko igbó náà ti di ọ̀rọ̀ ìbò. Erin àti ẹkùn ń pa èèyàn; ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, ẹkùn pa obìnrin Adivasi kan níbi tó ti ń ká kọfí lẹ́bàá Mananthavady. Àwọn àgbẹ̀ ń dí ọ̀nà, ẹgbẹ́ gbogbo ń ṣèlérí ọgbà oníná. Díẹ̀ ló ń rántí pé Adivasi ló pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀ka igbó ń gbà láti máa lé ẹranko, owó kékeré sì ni wọ́n ń san fún wọn.

Ohun tó kù

Ìjókòó Lok Sabha tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Adivasi kò sí ní Kerala, ìṣirò sì ni ìdí ẹ̀: ìjókòó 20 ni ìpínlẹ̀ náà ní, Adivasi kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ìpín wọn kò tó ìdajì ìjókòó kan. Títún ààlà ẹkùn fà kò ní fún wọn ní ohun tí iye wọn kò gbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn olórí wọn fi ń béèrè ohun mìíràn tí kò sinmi lé iye orí. Òfin ilẹ̀ India ní àyè fún àgbègbè Adivasi tí ààrẹ lè kéde, níbi tí ìpàdé abúlé wọn á ti ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ilẹ̀ àti igbó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ló ní irú àgbègbè bẹ́ẹ̀. Ní 2014, Adivasi dúró lórí ẹsẹ̀ wọn níwájú ọ́fíìsì ìjọba ní Thiruvananthapuram fún ọjọ́ 162, wọ́n ń béèrè èyí pẹ̀lú ilẹ̀ fún àwọn ìdílé Muthanga. Ìjọba Oommen Chandy gbà láti kọ̀wé sí Delhi. UDF ló kọ̀wé náà, LDF ló gba ipò lọ́wọ́ wọn ní 2016, BJP ló ń ṣàkóso Delhi ní gbogbo àsìkò yẹn. Títí di ìparí 2025, kò sí abúlé kan ṣoṣo ní Kerala tí wọ́n ti kéde.